Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọbìnrin Kétu tí ẹ ń fi ebi pa ara yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ẹ̀kọ́ o. Oorun kò kùn mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ ọdún 16 kan jáde ní kíláàsì, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, eyín rẹ̀ ni mo wò tí ọ̀rọ̀ fi yé mi. Ọmọ yìí ń jẹun lójú ìyá rẹ̀, á sì lọ tìka bọ ọ̀fun lẹ́yìnkùlé, nítorí pé àwọn kan kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ lórí fóònù pé itan rẹ̀ ti tóbi jù.

Omi kíkan tó ń ti inú gòkè wá lójoojúmọ́ máa ń jẹ eyín. Èébì àfọwọ́fà yìí tún máa ń dín iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potassium kù nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó bá sì dínkù jù, ọkàn lè dúró lójijì. Àwọn mìíràn kì í bì, wọ́n kàn kọ oúnjẹ ni, àwọn kan sì ń fi ààwẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Nǹkan oṣù wọn á dáwọ́ dúró, irun wọn á máa re, òtútù á máa mú wọn nínú oòrùn Kétu yìí. Egungun tí ẹ ó fi pọn ọmọ lọ́la, ìsinsìnyí ni ara ń kọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló máa ń jó, ṣùgbọ́n wọ́n á fi igi gbẹ́ ọmú ńlá fún un, wọ́n á di aṣọ mọ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi yọ gọngọ, nítorí àwọn ìyá wa ni wọ́n ń fi ijó náà yẹ́ sí. Àǹtí mi kan rù láti ilẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà á máa bi ìyá rẹ̀ bóyá kò rí oúnjẹ fún un ni, ó sì máa ń sunkún bí a bá jọ lọ pọnmi. Nítorí náà, n kò sọ pé ayé àtijọ́ sàn ju ti yín lọ. Ṣùgbọ́n ọjà máa ń tú, fóònù sì ń bá yín dé orí ẹní. Ní orílẹ̀-èdè Fiji, níbi tí wọ́n ti ń yin obìnrin tó sanra bíi tiwa, tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè kan ní 1995. Anne Becker, dókítà ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ibẹ̀ léèrè: lọ́dún náà, kò sí ẹnì kankan tó ní òun ń bì kí òun má bàa sanra, ní 1998, wọ́n ti lé ní 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹlifíṣọ̀n lásán nìyẹn o.

Àwọn mìíràn tún ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri kí ìdí lè yọ. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní dexamethasone máa ń wà nínú ohun tí wọ́n ń tà fún yín, ó lè wú ojú, ó lè dá ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀, ó sì lè ba egungun jẹ́. Kí ló dé gan-an? Ta ló ní kí ẹni tí kò mọ orúkọ ìyá yín máa pàṣẹ lé ara yín lórí?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ẹnu yín! Ẹ yé kí ọmọ pẹ̀lú “o ti sanra jù” kí ẹ tó bi í bóyá ó jí ire. Ẹ má sì nà án bí ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń bì, àìsàn ni.

Ẹ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà yín láàárọ̀. Ìdánwò BEPC ń bọ̀, ebi kì í jẹ́ kí ìwé wọni lórí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń sá lọ sẹ́yìnkùlé ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun tán, ẹ má bá a bò ó. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun, kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ lónìí. Bí ìyá kò bá gbọ́, kí ó wá bá mi nílé nítòsí Àkábà Ìdẹ́nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́kọ́jọ́, a ó jọ lọ rí dókítà, n kò sì ní bá a jà.