Ìpè Kejì Lórí Igbó Ìrókò Wa: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ San Owó Tó Kù Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ajé, ẹ kú ìnáwó ọmọ.

A ò ní máa tún ìtàn igbó náà pa. Gbogbo wa la jọ fẹnu kò níbi ìpàdé Ọdún Àjíǹde pé ká dáwó jọ láti gbin ìrókò tuntun sí igbó ìlú wa. Bí ọgbà irúgbìn ṣe wá rí báyìí la fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kànga wà, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fa omi rẹ̀. Òpó ọgbà dúró, kò sí wáyà. Àwọn ọmọ ìrókò tí a gbìn sínú ọ̀rá ti dàgbà ju ọ̀rá lọ. Gbòǹgbò wọn ti lọ́ po nísàlẹ̀, òmíràn ti lu ọ̀rá, ó ti wọlẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló burú jù. Koríko bò wọ́n, wọn ò rí oòrùn, ọ̀pá wọn wá rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn gbọọrọ, ewé wọn sì pupa rúsúrúsú. Ewé ni ilé ìdáná igi: oòrùn ni iná ibẹ̀, omi láti gbòǹgbò àti afẹ́fẹ́ tí ewé ń fà sínú ni èèlò. Bí iná kò bá sí, oúnjẹ tí igi ti tọ́jú tẹ́lẹ̀ ni yóò máa jẹ títí yóò fi tán. Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tán lọ báyìí o.

Àwọn kan ní ká fi igbó sílẹ̀, pé yóò fúnra rẹ̀ hù. Ẹ gbọ́: ìrókò ní akọ, ó ní abo, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abo nìkan ló ń so, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ wá bá a. Nínú àwọn àgbà ìrókò tó kù nínú igbó wa, ẹyọ kan péré ló ń so. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀, òun náà ló ń fọ́n irúgbìn ká, àdán yìí kan náà sì làwọn ọmọ wa ń yìnbọn sí. Irúgbìn tó bá bọ́ sílẹ̀, bí a ò bá tètè gbìn ín tàbí ká tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló máa fi kú. Ká tiẹ̀ ní ó hù, kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma á yé sí i lára, ọ̀mùnú rẹ̀ á wú kókó, á jẹrà, orí rẹ̀ á kú. Ìdí tí a fi ní ká gbìn wọ́n sáàárín igi ọ̀gànwó àti arère nìyẹn, ká má tò wọ́n sójú kan, kí kòkòrò náà má bàa tètè ti ara ọ̀kan dé ara òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè pé kí ni a ń fi irúgbìn ọ̀gànwó ṣe nínú ìṣirò owó, ìdáhùn yín rèé.

Ọ̀rọ̀ owó àkọ́kọ́ wá kàn. A rí gbogbo ohun tí ẹ ń kọ sórí WhatsApp. Wọ́n ní akápò ti fi ra ọkọ̀. Ọkọ̀ wo? Ọ̀kadà ló ṣì ń gùn wá sípàdé! Kànga, òpó, ọ̀rá, ilẹ̀dú àti owó oṣù ọlọ́gbà ni owó náà bá lọ. Rìsíìtì wà ńlẹ̀, ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín yàn láti yẹ ìwé owó wò ti fọwọ́ sí i. A ní kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wá wò ó. Àwọn tó ti san nìkan ló wá.

Ẹ wo Òṣogbo. Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, àti àwọn ọmọ Òṣogbo dù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n má bàa gé igbó Ọ̀ṣun run, nígbà tó di 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Ó dáa, Òṣogbo jù wá lọ. Àwọn ará òdìkejì odò ńkọ́, tí gbogbo ọmọ wọn kò tó ìdajì tiwa? Ìrókò wọn ti ga ju èèyàn lọ. Alága wọn bi wá pé, "Ẹ̀yin ńkọ́?" A ní a ń bọ̀. Ojú tì wá.

Ìlú tiwa yìí kẹ̀! Ìlú tí igi rẹ̀ ń sọ afẹ́fẹ́ di òkúta! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ yẹ ìdí ìrókò wò ní Ivory Coast, wọ́n rí i pé kábọ́ọ̀nù tí igi náà fà látinú afẹ́fẹ́, òun pẹ̀lú olú àti bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n jọ ń sọ ọ́ di òkúta ẹfun, tí ilẹ̀ tó kan tẹ́lẹ̀ kò fi ní kan mọ́. Irú igi yìí ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò igi àti ẹranko, sọ pé ó ti ń sún mọ́ ewu ìparun. Ó wà lọ́wọ́ wa, a sì ń wò ó.

10,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé, 50,000 fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san án sí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ àti agboolé yín sí i. Kò gbọdọ̀ kọjá òpin oṣù kẹta, nítorí àkọ́rọ̀ òjò la fẹ́ fi gbìn wọ́n.

Ẹ̀ka Ìbàdàn ti san tán, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ̀ka Èkó, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù, ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́ jù pé níbo ni iṣẹ́ dé. Ìyá aláta kan wà lọ́jà wa tí kò ní ọmọ kankan lẹ́yìn odi. Díẹ̀díẹ̀ ló fi san tirẹ̀ títí ó fi pé, kò sì bi wá léèrè kankan. Ẹ̀yin tí ẹ dìde níwájú Kábíyèsí, tí onílù fi oríkì yín lu ìlù, tí ẹ kéde owó ńlá, tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a ò ní dárúkọ yín. Fídíò ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa, aṣọ yín ọjọ́ náà sì dára púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹ dákun. Bí kò bá lè pé lẹ́ẹ̀kan, ẹ san ìdajì. Àwọn ọmọ igi yẹn kò mọ̀ pé ọjà kò tà.

Níbi ìpàdé oṣù kẹrin, a óò ka orúkọ sétí gbogbo ìlú. Orúkọ àwọn tó san nìkan la óò kà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́,
fún Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ