Sátidé yìí la ń lọ sódò Àrìnta o

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ènìyàn wa, Sátidé la ń lọ sí Ìpólé-Ìlórò láti mú kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré tá a máa fi ṣèwádìí, aago méjì ọ̀sán ni mọ́tò máa gbéra l'Adó-Èkìtì torí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí kábíyèsí kí wọ́n fún wa láàyè, tílẹ̀ bá wá ṣú la máa wọ odò, torí alẹ́ ni kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré máa ń ké, igbe wọn la ó sì máa tẹ̀ lé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti bàtà òjò, àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ gan-an.

Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ mú o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe báírò, òun la máa fi kọ ibi àti ọjọ́ tá a mú ẹranko kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìgò! Spirit inú ìgò, tí kì í jẹ́ kí ẹranko náà jẹrà, máa ń fọ yíǹkì dànù, ẹranko tá ò bá sì mọ ibi tá a ti mú un àti ọjọ́ tá a mú un, ìwúlò ẹ̀ ò tó nǹkan. Díẹ̀ la máa mú, ó dùn mí tí wọ́n bá ń kó wọn tán lódò. Ẹni tó ń bọ̀ kó fèsì kó tó di Tọ́sìdeè.