Ẹ Fi Iná Mànàmáná Sí Red Line Kí Ẹ Tó Fà Á Gùn Dé Marina

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àgbàdo lọ sí Òyìngbò, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Red Line, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín sọ. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, Àgbàdo ni mo fi ṣe ibùgbé, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rin ọ̀nà yìí lọ rìn ín bọ̀. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Àgbàdo dé Yábàá rí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò nílò àlàyé lẹ́nu mi. Ènìyàn á jí ní aago mẹ́rin ìdájí, á dé ìdí iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ á ti wú, ara á ti kan gógó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí Red Line ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Kílómítà 27 ni, ibùdó mẹ́jọ ló sì wà lójú ọ̀nà: Àgbàdo, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣín, Yábàá àti Òyìngbò. N kò kọ ìwé yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà rárá, nítorí ọjọ́ tí mo bá bá ọkọ̀ yìí lọ, mo máa ń délé kí àwọn ọmọ tó sùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àtigbéyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Ọ̀rọ̀ owó ọbẹ̀ ni mo bá wá. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kò tíì tó èrò tó ń dúró dè é, epo dísù ni ó sì ń mu. Nínú ètò tí ìjọba Èkó ti ṣe, Red Line kò ní parí sí Òyìngbò. Yóò dé Marina, gbogbo rẹ̀ yóò sì di kílómítà 37. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n fi iná mànàmáná sí èyí tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fà á gùn, kí a má baà gbé ọkọ̀ onídísù wọ àárín Èkó, kí a tún wá máa ná owó mìíràn láti yí i padà lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbé kàlẹ́ńdà lọ fún oníbàárà mi kan ní Marina, Blue Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó kejì, ni mo wọ̀ láti Mile 2. Iná mànàmáná ni ọkọ̀ yẹn ń lò; irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni ó ti ń fa iná náà. Mo gbé páálí sórí itan, mò ń ka iye kàlẹ́ńdà tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ibùdó ti wà lẹ́yìn wa, n kò sì mọ ìgbà tí a gbéra. Ní Àgbàdo, bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ilẹ̀ tí a dúró lé á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, òórùn epo á gba imú ẹni, ẹ́ńjìnnì á kérora, ọkọ̀ á wá máa yí díẹ̀díẹ̀. Mo fi ẹnu kà á lọ́jọ́ kan, mo sì ka ọgọ́ta kí ó tó sáré débi tí ọlọ́kadà kò lè bá a dọ́gba mọ́.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ́ńjìnnì onídísù nìkan ni ó ń fa gbogbo kóòṣì, ó sì tún ru epo tí yóò mu. Ọkọ̀ oníná kì í ru epo. Mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ kóòṣì, gbogbo wọn á sì jọ ti ọkọ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, mọ́tò yìí kan náà á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú waya fún ọkọ̀ mìíràn tó ń gbéra lọ́wọ́. Bí a bá pín ọ̀nà Red Line dọ́gba, kò tó kílómítà mẹ́rin láàárín ibùdó kan sí èkejì, ìyẹn ni pé inú dídúró àti gbígbéra ni àsìkò ń ṣòfò sí. Ọkọ̀ tó bá ń tètè gbéra á tètè dé, èyí tó bá tètè dé á tètè padà, ọkọ̀ mẹ́rin á sì lè ṣe iṣẹ́ tí ìbá gba márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ ni kí a rántí ibi tí ọkọ̀ wa ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú lọ rà á ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí ìpínlẹ̀ Wisconsin ní kí ilé iṣẹ́ Talgo ṣe ni, wọn kò sì lò ó mọ́. Ọkọ̀ tó dára ni, ìjókòó rẹ̀ tu ni lára, ṣùgbọ́n ìrìn àjò láti ìlú sí ìlú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, kì í ṣe ti èrò tó ń sọ̀ tó ń wọlé ní Agége, ní Ìkẹjà, ní Òṣòdì, láìsinmi. Mo gbà pé ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni gómìnà mú, kò sì burú láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó wà ní ipò bí tiwa ti ṣe é, wọ́n sì rí èrè rẹ̀. Ọkọ̀ Caltrain tó ń kó òṣìṣẹ́ láti San Jose lọ sí San Francisco ń mu dísù títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí wọ́n yí i padà sí iná. Ìrìn àjò tó ń dúró ní gbogbo ibùdó, tó máa ń gba nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú, wá sún mọ́ 75, orí ojú irin àtijọ́ náà sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, Tanzania ń kọ́? Láti ọdún 2024 ni ọkọ̀ oníná ti ń kó èrò láti Dar es Salaam lọ sí Dodoma.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín ni pé: iná wo? Èmi tí mò ń fi jẹnẹrétọ̀ tẹ̀wé kò lè bínú sí ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Blue Line ti dá wa lóhùn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 tí wọ́n ti so ó mọ́ iná, iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́ pọ̀ sí i gan-an, kò sì dín kù. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe méjì nínú òfin orílẹ̀-èdè, ọ̀kan fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe òfin lórí ọkọ̀ ojú irin, èkejì fún wọn láyè láti pèsè iná kí wọ́n sì pín in, títí kan ibi tí iná ìjọba àpapọ̀ dé. Ìdènà tí àwọn gómìnà ìṣáájú máa ń tọ́ka sí ti kúrò lọ́nà.

Ti Red Line kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irin kẹta bí ti Blue Line. Orí afárá tó ga ni Blue Line ń gbà ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú irin tiwa wà. Àwọn ènìyàn ń gbà á kọjá láti ayé àwọn bàbá wa, mo sì rí ìyálọ́jà tó pàtẹ ata sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Agége láàárọ̀ àná. Waya tó ga sókè, tó ru 25,000 fólítì, bí wọ́n ti ṣe ní Tanzania, ni ó yẹ wá. Èyí náà ni kò ní dí ọkọ̀ Ìbàdàn àti ọkọ̀ ẹrù tó ń lo ojú irin náà pẹ̀lú wa lọ́wọ́. Nítorí pé abẹ́ afárá ni waya náà yóò gbà, kí wọ́n wọn gíga gbogbo afárá tó gba orí ojú irin kọjá, láti Òyìngbò àti Yábàá títí dé òkè, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé rí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Ní ti àwọn olè tó ń jí waya, ẹ̀kọ́ Gúúsù Áfíríkà wà níwájú wa: nígbà tí ọkọ̀ dúró nítorí àrùn Kòrónà ní ọdún 2020 ni wọ́n ká waya lọ ní agbègbè Johannesburg. Waya tí iná wà nínú rẹ̀, tí ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ dalẹ́, kì í ṣe ohun tí olè ń sáré sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ó sì dùn mí wọ akínyẹmí ara. Àwa tó ń wọ ọkọ̀ yìí ní Àgbàdo, ọ̀pọ̀ wa ni ó jẹ́ ará Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ojú irin kò dúró lọ́dọ̀ wa. Ó ti kọjá lọ sí Kájọlà, Pápálántò àti Abẹ́òkúta láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Kájọlà ṣì ń wá ọkọ̀ èrò ní òru. Kò sí ilẹ̀ tí a fẹ́ rà níbẹ̀, kò sí ilé tí a fẹ́ wó. Waya, ọkọ̀ àti àdéhùn láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì àti ìjọba àpapọ̀ ni ó kù. Ibùdó ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó wà ní Àgbàdo ń jẹ́ orúkọ Alhaji Lateef Jákàǹdè, gómìnà Èkó tó bẹ̀rẹ̀ Metroline, ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ní ọdún 1983, tí ìjọba ológun sì fagi lé e ní ọdún 1985. Nǹkan bí ogójì ọdún ni a fi jókòó sínú dánfó nítorí ìpinnu ọjọ́ kan yẹn.

Mo bẹ ẹ̀yin oníròyìn, nígbà tí ẹ bá tún pàdé àwọn tó ń ṣètò ọ̀nà Marina, ẹ bi wọ́n lórúkọ gbogbo wa pé: ọkọ̀ wo ni yóò máa rìn lórí rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí sì ni yóò máa fà á?

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín, atẹ̀wé,
Àgbàdo, Ìpínlẹ̀ Ògùn.