Àkànní, ẹ̀dọ̀ ò dín mọ́

Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Àkànní ọmọ ìyá mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gan ọ́ pa? Àwa wà ńbí, a dúpẹ́. Ìyá Bíọ́lá ti bí ọkùnrin. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti kú pátápátá. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé o.

Ọmọ ọdún 11 nà mí bí ẹni na bàrà lánàá! Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni, nínú ọgbà yunifásítì. Nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀ lórí àga, mo ní àdúrà mi ti gbà. Funfun bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo bá gbé ọgbọ́n ìkọlù Fried Liver tiwa jáde, ẹ̀dọ̀ díndín tí o fi ń fìyà jẹ gbogbo Lágéré. Mo ti pọ́ọ̀nù sí e4, ó ti tiẹ̀ sí e5. Mo gbé ẹṣin, ó gbé ẹṣin. Bíṣọ́ọ̀bù mi dé c4, ẹṣin rẹ̀ kejì jáde, mo bá fo tèmi sí g5, ojú mi ń wo f7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba rẹ̀ bí ológbò tó rí ẹja. Ó ti d5, mo jẹ ẹ́. Ibi tó yẹ kó ti fi ẹṣin jẹ tèmi padà nìyẹn, kí n já wọ f7, kí ọba rẹ̀ sá bọ́ síta. Ọmọ yìí ò jẹ ẹ́! Ẹṣin àkọ́kọ́ ló gbé lọ sí etí bọ́ọ̀dù, ní a5, ó fi ń lé bíṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi pọ́ọ̀nù kan jù ú lọ, àmọ́ sísá ni mo ń sá kiri. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Bàbá àgbà ì bá wà láyé, wọn ì bá pè mí ní ọ̀pẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fọkanáísà ni bàbá rẹ̀, ní Sábó. Orí fóònù ni ọmọ náà ti rí Tunde Onakoya lọ́dún 2024, nígbà tó fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square, New York. Páálí ni bọ́ọ̀dù rẹ̀, ìdérí ìgò kóòkì ni ayaba.

Àkànní, bọ́ọ̀dù rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo ń nù ún. Mo fẹ́ fún un. O ní Kérésì, ó di Àjíǹde. Màámi ò béèrè mọ́, ojú mi ni wọ́n kàn ń wò. Tí o bá ń bọ̀, sọ, n óò pa á mọ́ dè ọ́, n óò wá òmíràn rà fún ọmọ. Àmọ́ pè mí. Sátidé ni mo ní kó wá.

Èmi ni,
Àlàó

Etí ẹṣin dúdú kan ti kán. Bíọ́lá ni o, kì í ṣe èmi.