Ilé iṣẹ́ náà ò kú o

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ nídìí ayò ní Òkè-Fíà ló mú mi gbé gègé. Wọ́n ní ìpín ìdókòwò tí mo rà nínú ilé iṣẹ́ kan ní 2007 ti dòkú, torí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan kò kúrò ní náírà 2. Ilé iṣẹ́ náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jèrè, ó sì ń fún wa ní tiwa.

Ẹ wo tòmátì l'Ọ́jà Ọba. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wa ti mọ iye apẹ̀rẹ̀ kan, torí àwọn tó ń tà pọ̀, àwọn tó ń rà pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ ta ìkòkò aró tí ìyá mi fi sílẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ló wá bèèrè. Iye tó dá lé e la gbà. Ìkòkò ọ̀hún ò sán, kò sì jò.

Bí ìpín mi ṣe rí nìyẹn. Ìdílé tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù, wọn kì í tà. Ìyókù wà lọ́wọ́ àwa arúgbó tí ìwé ẹ̀rí wa ti sùn sínú àpótí. Àwọn míì ti kú, àwọn ọmọ wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ ta ìpín 20,000 kí n fi pààrọ̀ páànù òrùlé. Alágbàtà mi na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n wò ó: ẹnì kan péré ló fẹ́ rà, ìpín 1,500 ló ń wá, ó tún fi kọ́bọ̀ 15 dín iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Òfin ọjà ìpín ìdókòwò náà wà ńbẹ̀. Ìlànà 2018 ní iye ìpín tí kò tó náírà 5 kò gbọdọ̀ yí padà àfi tí wọ́n bá ta tó ìpín 100,000. Ó dáa, kí ẹlẹ́tàn má baà fi ìpín mẹ́wàá gbé owó sókè. Ṣùgbọ́n irú tiwa tí kì í tà tó bẹ́ẹ̀ lóṣù kan ńkọ́? Bí èrè di ìlọ́po méjì, ojú kan náà ni yóò wà. Àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ì bá rà á, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá fẹ́ tà á, ta ni yóò rà?

Nípàdé ọdọọdún wa, mo ní kí ìdílé náà ta díẹ̀ fáráyé. Alága rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ṣé ní náírà 2 yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi náà ò kúkú ta tèmi. Owó páànù, mo yá a ni.

Olùkọ́ àfẹ̀yìntì,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.