Lẹ́tà sí Bọ́lá ní Juba

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo bá ọ yọ̀ pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ọ́fíìsì àjọ yín, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní South Sudan níbẹ̀. O ní ti oògùn àti owó kò le fún ọ, pé àwọn oníròyìn ló ń kọ ọ́ lóminú, o sì fẹ́ fa gbogbo ọ̀rọ̀ sísọ lé ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìròyìn yín lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé o rántí Ebola ọdún 2014? Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe l'Ékòó nígbà náà. Lóṣù Kẹjọ, àhesọ gbòde lóru pé kí oníkálukú mu omi iyọ̀, kó sì fi wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá kan pè wá ní ìdájí, ó ní iyọ̀ ilé ti tán, ṣé èyí táwọn ọmọ òun ti mu tó? Etí mi ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán, èèyàn 2 ló bá omi iyọ̀ lọ ní Nàìjíríà. Ebola fúnra rẹ̀ pa 8 nínú èèyàn 20 tó kó o.

Àhesọ kì í dúró gbàṣẹ ní Geneva, níbi tí olú ilé iṣẹ́ yín wà. Táwa oníròyìn bá pè, tí wọ́n ní ọ̀gá wà nípàdé, ẹni tó gbọ́ nǹkan lẹ́nu aládùúgbò ló máa gba afẹ́fẹ́ wa.

Lóòótọ́, ìjọba ló ni ìlú, mínísítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéde pé àrùn wọlé. Má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá ń lọ́ra, lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ jọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kéde tán, ó kan ìwọ náà: kí ni kí ará ilé ṣe, ibo ni wọn yóò gbé aláìsàn lọ, kí lẹ ò tíì mọ̀. Sọ èyí tẹ́ ò mọ̀ yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ ti ń ráyè. Kó sì dé etí wọn ní Lárúbáwá Juba, èdè tí ará ìlú ń sọ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, lẹ́yìn ọjọ́ 42 láìsí aláìsàn tuntun, Rui Gama Vaz, aṣojú Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Nàìjíríà, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ l'Ábújà pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹni tó dá orúkọ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ la gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ọkàn wa sì balẹ̀ láti gbé e sáfẹ́fẹ́.

Lọ kí àwọn olóòtú rédíò ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ara ṣì tu gbogbo yín. Gba nọ́ńbà wọn, kí o fún wọn ní tìrẹ. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́