Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Bí A Bá Kọ̀, Ta Ni Yóò Jìyà Rẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè, Olúwa yóò jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí.

Láti ìgbà tí Ẹgbẹ́ Ìyá ti gbé ankara ìkórè ọdún yìí jáde ni ariwo kan kò ti tán nínú ìjọ. Àwọn kan pè mí lóru, àwọn kan dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan tilẹ̀ tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ní òun kò ní ra aṣọ náà, kí n pè é kí n bá a wí, nítorí ó ti tàpá sí àṣẹ. Mo lọ rí ìyá náà. Mo sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Opó ni. Pupuru, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ló ń tà. N35,000 ni ẹgbẹ́ dá lé aṣọ àti gèlè, owó télọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo jókòó tì í, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì, ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ṣí i sẹ́yìn pátápátá, ó fi ìka tí ẹ̀gẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ tọ́ ìlà kan fún mi. Owó WAEC àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ó ti san ìdajì, ó ku ìdajì. Ó ní, "Dádì, bí mo bá ra aṣọ yìí, ọmọ ò ní jókòó ìdánwò. Bó bá wá bi mí léèrè, ṣé gèlè ni n ó gbé hàn án?" Ankara tó wọ̀ lọ́dún tó kọjá wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dúró kí iná dé kó lọ̀ ọ́.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò kó àwọn ìyá yòókù jọ pé kí wọ́n má rà á. Ó lọ bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, agbára mi kò ká a." Wọ́n dá a lóhùn pé ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè baà rí bó ṣe ń rí. Òwe yẹn ti kó ilé púpọ̀ sí gbèsè nílùú Àkúrẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi.

Ẹ bá mi ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní. Fáráò pàṣẹ fún agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, pé bí wọ́n bá ń gbẹ̀bí fún obìnrin Hébérù, tó bá jẹ́ ọkùnrin, kí wọ́n pa á. Àwọn obìnrin yìí bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn kò ṣe é. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe kọ̀. Wọn kò pariwo láàfin, wọn kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n padà sídìí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, wọ́n ń gbé ọmọ lé ìyá lọ́wọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n ní àwọn obìnrin Hébérù yá ara ju ti Íjíbítì lọ, kí àwọn tó dé wọ́n ti máa ń bímọ. (Àwọn tó bá fẹ́ jiyàn bóyá irọ́ ni wọ́n pa, ẹ mú un wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò yá mi lónìí.) Bí ọba bá tú àṣírí wọn, ọrùn ta ni idà yóò bá? Tiwọn ni. Àwọn ni wọ́n kọ̀, àwọn ni yóò sì jìyà kíkọ̀ náà bó bá di ìyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ìtàn kan tún wà tí a kì í sábà wàásù lé lórí, Sámúẹ́lì Kìíní orí kejìlélógún. Sọ́ọ̀lù pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró yí i ká pé kí wọ́n pa àwọn àlùfáà Nóbù. Ẹ̀ṣọ́ ọba ni wọ́n, iṣẹ́ ìgbọràn ni wọ́n gbà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó na ọwọ́. Dóẹ́gì ará Édómù ló jáde, òun ló pa àlùfáà 85 lọ́jọ́ náà. Kíkọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kọ̀ kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là. Àwa oníwàásù a máa sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá kọ ibi ni ihò kìnnìún yóò di yàrá ìsinmi fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn o óò kọ̀, ibi náà yóò sì ṣẹlẹ̀. Ohun tí o kàn gbà là ni pé ọwọ́ tìrẹ kò sí nínú rẹ̀, èyí kò sì kéré lọ́jọ́ tí a ó dúró níwájú Ẹlẹ́dàá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń wá Róòmù orí kẹtàlá kiri báyìí. "Kí olúkúlùkù ọkàn kí ó forí balẹ̀ fún àwọn aláṣẹ tí ó wà ní ipò gíga." Mo gbà á, mo sì ń wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́, ṣé ẹ rántí ohun tó ṣe ní ìlú Fílípì? Wọ́n na òun àti Sílà ní gbangba láì gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Pọ́ọ̀lù ní rárá. Ó ní ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ni àwọn, wọn kò lè nà wọ́n lójú ayé kí wọ́n wá tì wọ́n jáde ní ìkọ̀kọ̀. Kí àwọn tó pàṣẹ wá fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n wá bẹ̀ wọ́n. Òfin Róòmù gan-an ni Pọ́ọ̀lù fi mú àwọn aláṣẹ Róòmù. Nítorí náà, ẹ má fi Róòmù kẹtàlá pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ láì ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì kẹrìndínlógún mọ́ ọn.

Ẹni tó mọ irú ọgbọ́n yẹn lò nílẹ̀ wa sùn sí Oǹdó, nítòsí wa níbí. Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò, ni. Mùsùlùmí ni, ẹ má bi mí pé kí ló gbé orúkọ rẹ̀ dé inú ìwé ìròyìn ìjọ; òtítọ́ kì í béèrè ilé ìjọsìn tí o ti ń bọ̀. Ní 1969, ó gba ẹjọ́ tálákà kan tí ẹni ńlá nínú ìjọba ìpínlẹ̀ Benue-Plateau ìgbà náà gba ìyàwó rẹ̀. Ìjọba ologun sọ fún un pé kó jáwọ́, kò jáwọ́, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó wọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, títí dé Gashua lókè Ọya lọ́hùn-ún, kò ṣeé fi ìka kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò ju òkúta. Ìwé ẹjọ́ ló ń kọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di SAN, oyè àgbà agbẹjọ́rò, wọ́n fi tirẹ̀ falẹ̀ títí di 2001. Nígbà tí ìjọba sì fẹ́ fi oyè dá a lọ́lá ní 2008, tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ó dá oyè náà padà fún wọn. Ara rẹ̀ ló fi san gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé aya àti ọmọ rẹ̀ jẹ nínú ìyà náà, èyí wúwo, kò yẹ ká fi bò. Ṣùgbọ́n kò ran ọmọ ọlọ́mọ lọ sí àtìmọ́lé kí òun wà nílé.

Ẹ fi èyí wé oṣù kẹjọ ọdún 1983. Àwọn àgbàlagbà inú ìjọ rántí rẹ̀ ju bí mo ṣe lè ròyìn rẹ̀ lọ. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, kéde pé Akin Omoboriowo ló wọlé gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà. Àwọn ará ìlú ní Adékúnlé Ajáṣin ni àwọn dìbò fún. Wọ́n kọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé wọ́n kọ̀, ìbò wọn ni. Ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́ níbí, iná sọ, ilé jó, ẹ̀mí sì lọ. Ẹni tó ju páálí iná wọ ilé aládùúgbò rẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó wà nínú ilé ló san. Níkẹyìn, ta ló dá Ajáṣin padà sórí àga? Ilé ẹjọ́ ni, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Epo bẹntiróòlù kò dá ìbò kankan padà. Àwọn òkú náà kò sì padà.

Ojú yìí náà ni mo fi ń wo ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́lé sí ojú omi lẹ́bàá Odò Àlà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Ilẹ̀ ṣú, ó ra ọ̀dà funfun, ó pa á rẹ́, ó wá ń yangàn láàárín ọ̀rẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè mú òun. Akọni ni lójú ara rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ga. Nígbà tí òjò bá rọ̀, ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni omi ń wọlé tọ̀, ibùsùn rẹ̀ ló ń léfòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń gun ọ̀kadà lòdì sí ojú ọ̀nà ní Òpópónà Ọba Adésìdá, ọ̀rọ̀ yín náà ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n yára kan ibi kan kí n tó lọ. Ní 1928, ẹni tó ń wa katakata ìtẹ̀lẹ̀ lójú ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Iléṣà fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ ìpè. Ó dájú pé àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ CAC, ni. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tó bá fi yunifásítì sílẹ̀ ló gbọ́ ìpè, ọ̀pọ̀ wọn fóònù ni wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jókòó níwájú yín bí àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì, tí baba wọn kú láì bí ọmọkùnrin, ṣe dúró níwájú Mósè lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ láti béèrè ogún rẹ̀, tó ro ẹjọ́ rẹ̀ láì sá, láì purọ́, ẹ gbọ́ ọ tán. Mósè kò lé wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì ní wọ́n sọ òótọ́. Àwọn ọmọbìnrin náà rí ogún baba wọn gbà.

Ní ti aṣọ ìkórè: èmi àti àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ Ìyá ti jókòó sọ ọ́. Ẹni tó ti rà á, kó wọ̀ ọ́, yóò yẹ yín. Ẹni tí kò rà á, kó wọ èyí tó bá ní. Kò sí àga ọ̀tọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìlà kan náà ni a ó tò jó lọ síwájú pẹpẹ. Ìwé orúkọ àwọn tí kò tíì san, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ti ń san díẹ̀díẹ̀ tí ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kó rí akápò. Bí ìpinnu yìí bá bí ẹnikẹ́ni nínú, mo wà ní ọ́fíìsì láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ wá sọ ọ́ lójú mi, n kò ní bínú.